Ìbéèrè Bàbá Àgbà Lẹ́nu Ọ̀nà

"Àádọ́jọ ọjọ́!" ni bàbá àgbà wí, ó fi bírò lu kàlẹ́ńdà tó tẹ́ sórí tábìlì ilé ìdáná. "A ó lọ ní ìparí oṣù kọkànlá, a ó padà ní oṣù kẹrin, nígbà tí yìnyín bá ti yọ́."

"Ẹ ti kà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lónìí, Bàbá Josée," ni màmá àgbà dá a lóhùn, ó fi orúkọ ọmọ wọn pè é. "Ẹ jẹ́ kí oòrùn Florida sinmi díẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́.

Nítorí ikọ́ yẹn ni wọ́n ṣe ń lọ. Ẹ̀dọ̀fóró màmá àgbà kò dára, òtútù Roberval, ìlú wa ní àríwá níhìn-ín, sì máa ń gba èémí lẹ́nu rẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń lọ lo ìgbà òtútù ní gúúsù, ṣùgbọ́n ọdún kòrónà ni ti ọ̀tẹ̀ yìí. Wọ́n ti ti ẹnubodè orílẹ̀-èdè wa mọ́ àwọn tó ń wa mọ́tò kọjá, nítorí náà bàbá àgbà ti ń ṣètò láti oṣù kẹfà: bàálù ni yóò gbé àwọn méjèèjì, ọkọ̀ akẹ́rù ni yóò gbé mọ́tò wọn tẹ̀ lé wọn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀sìn bàbá àgbà.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú ìrìnàjò náà, wọn kò gba àlejò kankan. Èmi Oriane, ọmọ-ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó wọlé, kí n lè bá wọn ti omi ilé pa, ká fa páìpù gbẹ kí omi inú rẹ̀ má baà di yìnyín kó bẹ́ ẹ. Èmi náà ni yóò máa wá wo ilé ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta lẹ́yìn wọn, torí ilé-iṣẹ́ adójútòfò kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó fi ilé sílẹ̀ láìsí olùtọ́jú.

Ní Sátidé tó kẹ́yìn, Ludovic ọmọ kíláàsì mi pe àwa ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí gáréèjì bàbá rẹ̀. Ìjọba ti ní kí ẹnikẹ́ni má kó èrò jọ. Mo ní n kò lè wá.

"Ẹ wo ìyá arúgbó!" ni Ludovic wí lórí fóònù. "Ṣé ìwọ náà ń bá wọn lọ sí Florida ni? Wá jàre, wákàtí kan péré."

Wákàtí kan di mẹ́ta. Àwa mẹ́sàn-án la há mọ́ra láàárín àwọn ọkọ̀ orí yìnyín, à ń mu bíà láti inú agolo kan náà, à ń kọrin. N kò ní purọ́, mo gbádùn rẹ̀.

Ní ọjọ́ Túsìdeè, ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Ludovic tún pè.

"Mo ti kó kòrónà," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Nọ́ọ̀sì ìjọba ní kí n ka orúkọ àwọn tó wà lọ́dọ̀ mi. Mi ò dárúkọ ẹnì kankan. Kí ẹnikẹ́ni má yanu o, gbogbo wa ni wọ́n máa bu owó ìtanràn lé lórí. Ṣó o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

Lọ́jọ́ kejì, bàbá àgbà dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, nínú yìnyín. "Oriane, ìbéèrè kan péré. Ṣó o ti lọ síbi tí èrò wà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí? Ṣé nǹkan kan ń ṣe ẹ́?"

Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àpótí méjèèjì ti wà nílẹ̀. Mo rò pé bí mo bá sọ òótọ́, màmá àgbà yóò lo gbogbo ìgbà òtútù níbí nítorí mi. Ẹ̀rù owó ìtanràn náà ń bà mí.

"Rárá, bàbá àgbà. Kò sí nǹkan kan."

"Ọmọ dáadáa," ó ní, ó sì yà fún mi.

Màmá àgbà bu tourtière fún mi, ẹran àti ànàmọ́ inú ìyẹ̀fun tó ti wà nínú ààrò láti àárọ̀. Ó jókòó tì mí, ó ń wo ẹnu mi. N kò gbóòórùn rẹ̀, kò sì ní adùn kankan lẹ́nu mi.

"Ó mà dùn o, màmá," ni mo wí.

Wọ́n wọ bàálù lọ́jọ́ Fúráìdé. Ní ọjọ́ kẹfà, wọ́n gbé màmá àgbà lọ sí ilé ìwòsàn. Àìsàn náà fọwọ́ ba bàbá àgbà, ó sì fi í sílẹ̀. Màmá àgbà kò padà wálé. Ó kú kí Kérésìmesì tó dé, láàárín àwọn àjèjì tó fi aṣọ bora láti orí dé ẹsẹ̀. A bẹ bàbá àgbà pé kó máa bọ̀, ó béèrè ohun tó kù tí òun fẹ́ wá ṣe nínú yìnyín.

Mo sì ní láti máa wọ ilé wọn ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Mo máa ń fọwọ́ kan páìpù, n óò wá kọ ọ́ sínú ìwé pé ilé wà dáadáa. Bí mo bá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí, mo máa ń gbọ́ ikọ́ màmá àgbà nínú yàrá. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ amúlégbóná ló ń dún. Síbẹ̀, lọ́jọ́ kan, mo dáhùn: "Màmá, mo ń bọ̀." Ohùn ara mi dẹ́rù bà mí, mo sá jáde láìti ilẹ̀kùn. Oorun kò kùn mí mọ́, ìwé kò wọ orí mi, mo sì fìdí rẹmi nínú ìdánwò.

Nígbà tí bàbá àgbà padà ní oṣù kẹrin, ó ní láti dá wà nínú ilé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo lọ dúró síta lójú fèrèsé rẹ̀, mo pè é lórí fóònù, mo sì jẹ́wọ́: gáréèjì, ọ̀fun tó ń yún mi, oúnjẹ tí kò dùn lẹ́nu mi. Mo sunkún títí n kò fi rí ojú rẹ̀ dáadáa.

Ó gbé fóònù súnmọ́ ẹnu.

"Tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ṣeé sún síwájú," ó ní. "Torí irú nǹkan báyìí ni mo ṣe rà á bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré là bá fi dúró, Oriane. À bá tilẹ̀kùn mọ́ ẹ síta, màmá àgbà ẹ ì bá máa fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ láti ojú fèrèsé yìí, lẹ́yìn náà à bá sì lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá àgbà. Ẹ dárí jì mí."

"Mo ti gbọ́. Máa lọ sílé, òtútù mú."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo pe irọ́ mi ní àánú nígbà náà, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹni tó bá bi yín léèrè fẹ́ fi èsì yín ṣe nǹkan ni. Bí ẹ bá fún un ní irọ́, orí irọ́ yẹn ni yóò gbé ẹsẹ̀ lé. Ẹ sọ òótọ́ nígbà tó ṣì lè wúlò, bó ti wù kó korò tó, kódà bí gbogbo ọ̀rẹ́ yín bá ní kí ẹ dákẹ́.

Bàbá àgbà ṣì ń jẹ́ ìkíni mi. Ó ń bu oúnjẹ fún mi bí mo bá yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, kò tíì tún bi mí ní ìbéèrè kankan.