Ìgbésẹ̀ Tí Fadérera Kò Kọ

Nígbà tí ìjì eruku bo oòrùn mọ́ àwọn ará Ayé Pupa lójú, ẹ̀rọ olùpín-èémí abúlé Etí-Àfonífojì ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe gan-an. Kò bàjẹ́, kò sì dákẹ́. Ó wo iye ènìyàn tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ilé kọ̀ọ̀kan, ó fún wọn ní èémí tó tọ́ sí wọn, ó sì ti ìyókù pa. Ìyẹn gan-an ló pa ọmọ.

Lórí Ayé Pupa, afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ lásán bíi ti ayé àtijọ́. Ẹ̀rọ ní ń ṣe é, ẹ̀rọ ní ń pín in. Ìṣirò àjùmọ̀ní ni wọ́n fi ń mọ èyí tó wọlé àtèyí tó jáde, ètò kan tí kì í ṣe ti ẹnì kan, tí ẹnikẹ́ni lè tú wò, kó sì tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí ò dá ènìyàn mọ̀. Àfi kí wọ́n so ó mọ́ àká-orúkọ, níbi tí orúkọ gbogbo ará ìlú wà. Fadérera ló kọ ìwé atọ́nà ìsopọ̀ náà, ní Yorùbá tó já gaara: bí a ṣe ń ṣí ẹnu ọ̀nà àká, ibi tí a ó kọ ọ̀rọ̀ aṣílẹ̀kùn sí, bí a ó ṣe mọ̀ pé ìsopọ̀ ti mú. Kò sí abúlé tí kò yìn ín. Obìnrin náà sì fẹ́ràn ìyìn. Ta ni kò fẹ́ràn rẹ̀?

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn ló dá ìjà sílẹ̀. Àká-orúkọ kì í gba orúkọ ọmọdé títí wọn yóò fi dàgbà tó iṣẹ́ ṣe. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣe ìsopọ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye ọmọ inú ilé kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀rọ. Bí Baálẹ̀ Olútìmẹ́yìn, olórí Ìbùdó-Tuntun, ti gbọ́ èyí ní ìpàdé, ó dìde dúró.

"Fadérera, ṣé kò sí nǹkan? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìwọ wá fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé kí gbogbo ayé máa kà á?"

Dókítà Kúforíjì, àgbà onímọ̀ ẹ̀rọ, ló fèsì. "Baba, ẹ̀rọ kì í ṣe ọ̀tá tí ń ṣọ́ni. Bí kò bá mọ̀ pé wọ́n wà, kò ní fún wọn léèémí. Àgbà kì í sì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

"Èmi lo ń pa òwe fún?" Baálẹ̀ kọjú sí i. "Ìyá tó ti sin ọmọ sábẹ́ ilẹ̀ pupa yìí, ẹ fẹ́ kó jókòó kó máa ka èyí tó kù fún ẹ̀rọ?"

Fadérera ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú sí òun, ló bá wá ọ̀nà tí gbogbo wọn á gbà.

"Baba, iye abọ́ la ó máa bi wọ́n. A ó ní, 'Abọ́ mélòó lẹ̀ ń gbé kalẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ jẹun?' Èyí tó bá lé ní ti àgbà, ti ọmọ ni. Ẹnu la ó fi máa sọ ọ́ fún àwọn tó ń ṣe ìsopọ̀. Mi ò ní kọ ìgbésẹ̀ yẹn sínú ìwé atọ́nà."

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ṣàdúrà fún un. Kúforíjì ò rẹ́rìn-ín. "Ìwé yẹn á dé ibi tí ẹnu rẹ ò ní dé," ló sọ.

"Màá kàn sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, sà."

Ní Ìbùdó-Tuntun, ó ya ilé dé ilé, ó béèrè abọ́, ó sì kọ iye ọmọ sínú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ìwé náà dé àwọn abúlé tó jìnnà, Fadérera sì ń fi òní dọ́la, ó ń fi ọ̀la dọ́tunla, kò kàn sí wọn. Àbúrò rẹ̀, Àṣàkẹ́, wà ní Etí-Àfonífojì. Òun ló máa ń tọ́jú ọmọ àwọn tó bá lọ sí oko abẹ́ dígí. Lọ́jọ́ kan ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Àǹtí mi, èmi ni wọ́n ní kí n ṣe ìsopọ̀ o! Ìwé yín ni mo tẹ̀ lé, ó mú lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo abúlé ló ń kí yín."

Ọ̀rọ̀ abọ́ dé ètè Fadérera. Ṣùgbọ́n ìyìn náà dùn, ojú sì tì í láti sọ pé ìwé tí wọ́n ń yìn ò pé. Ó ní tó bá tún pè, òun á sọ ọ́. Èémí pọ̀ nígbà náà, àṣẹ́kù rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ, kò sẹ́ni tó fura.

Ìjì dé, ó bo oòrùn tí ń fún ẹ̀rọ lágbára, àṣẹ́kù tán. Àgbàlagbà kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ mọ̀ nílé Àṣàkẹ́, èémí ẹnì kan ló sì fún ilé tó kún fọ́mọ. Àṣàkẹ́ ń gbé wọn sáré lọ sí gbọ̀ngàn ẹ̀rọ, níbi tí èémí ṣì wà. Ọmọ ọlọ́mọ ló kọ́kọ́ gbé. Nígbà tó padà wá gbé Tiwalọlá, ọmọ tirẹ̀, ọmọ náà ò mí mọ́.

Kúforíjì ló sọ fún Fadérera. Kò bá a wí, ìyẹn sì dùn ún ju ìbáwí lọ. Ó wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, ó forí lé Etí-Àfonífojì. Ẹ̀rí-ọkàn ń jẹ ẹ́ débi pé kò lè wo ojú ẹni tó jókòó tì í.

Ó bá Àṣàkẹ́ lórí ẹní. Wọ́n ti fọwọ́ ṣí èémí kún ti ilé náà, àwọn ọmọ tó kù sì ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé atọ́nà ń tàn lójú dígí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ káàbọ̀. Mo ti sọ fún wọn pé èmi ni mo fo ìgbésẹ̀ kan. Wọ́n ní àwọn fi mí sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n mo kà á, mo tún un kà, mi ò rí èyí tí mo fò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí."

Èyíkéyìí tí Fadérera bá nàka sí, Àṣàkẹ́ á gbà á gbọ́. Èrò náà wá sí i lọ́kàn lóòótọ́, ó sì kórìíra ara rẹ̀.

"O ò fo nǹkan kan. Mi ò kọ ọ́ ni. Ó yẹ kí o kọ iye ọmọ tó wà nílé kọ̀ọ̀kan."

"Ẹ gbàgbé ni?"

Ó rọrùn láti dáhùn bẹ́ẹ̀ ni. "Rárá. Lọ́jọ́ tí o pè mí, ó wà lẹ́nu mi."

Àṣàkẹ́ gbé dígí náà kalẹ̀. Láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ í sọ, kò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórúkọ rí.

"Fadérera," ó ní, "jáde. Àwọn ọmọ wà nínú ilé yìí, èémí ibẹ̀ ò tó bá ọ pín."