Rọ́bà Tó Wú Láàárín Kòtò

"Tó bá jẹ́ pé o ò jẹ̀bi, kí ló dé tí ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n?"

Gbajúmọ̀ ló bi ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ́ẹ̀, nínú pálọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lórí àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì gbẹ́sẹ̀ lé ẹsẹ̀.

Ọwọ́ obìnrin náà kò gbọ̀n rárá. Àwo oúnjẹ ló ń kó kúrò lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n bí Gbajúmọ̀ ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Á sọ ohun tí kò sí, á rọra sọ ọ́, títí ẹni tó ń gbọ́ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ báyìí. Mo kórìíra irú èèyàn bẹ́ẹ̀, n kò ní fi bò.

Ọ̀gá ni gbogbo ayé ń pe ẹ̀gbọ́n yìí. Iṣẹ́ rọ́bà ni iṣẹ́ ilé wọn: rọ́bà dúdú tó nípọn, tí wọ́n ń tẹ́ sínú kòtò ńlá, kí omi ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ àti ti oko ẹran má baà rin wọlẹ̀ lọ bá kànga àwọn èèyàn. Ọ̀gá ló ń gba iṣẹ́. Àbúrò rẹ̀ ló ń palẹ̀ kòtò mọ́ kí wọ́n tó tẹ́ ohunkóhun sí i. Ìyàwó Ọ̀gá ló ń fi ẹ̀rọ gbígbóná lẹ rọ́bà mọ́ rọ́bà, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ ya ibi tó bá ti lẹ̀. Òun náà ló fún àbúrò ọkọ rẹ̀ ní orúkọ Gbajúmọ̀ lọ́jọ́ tó wọlé wọn, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tó mọ ìwà hù. Àpọ́nlé tó sọnù gbáà.

Ìdí ìjà yìí kò fara sin. Gbajúmọ̀ ti ń fojú sí ẹ̀rọ yẹn tipẹ́. Ọjọ́ tí Ọ̀gá gbé e lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, Gbajúmọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò gbàgbé ẹ̀. Ní báyìí, rọ́bà tí wọ́n tẹ́ sí oko Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ ti wú sókè láàárín kòtò, ó ga ju èèyàn lọ, wọn ò tíì da ẹ̀kún garawa kan sí i. Gbajúmọ̀ sì ti rí ohun tó ń wá.

"Atẹ́gùn ló gba ojú ìsopọ̀ wọlé," ló wí. "Ọkàn rẹ̀ ò sí níbi iṣẹ́, Bọ̀dá. Ẹ bi í léèrè ohun tí òun àti dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ ń fi rẹ́rìn-ín."

"Gbajúmọ̀, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run," ni obìnrin náà sọ. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi abẹ́rẹ́ fún atẹ́gùn sínú ojú ìsopọ̀ yẹn lọ́jọ́ tí mo parí ẹ̀, láti mọ̀ bóyá ó ń jò. Ẹ dúró tì í, ẹ wo aago tó ń wọn atẹ́gùn ẹ̀. Ṣé ó lọ sílẹ̀?"

"Aago yẹn ti gbó," Gbajúmọ̀ dáhùn.

Ọ̀gá, tó mọ̀ pé aago náà kò gbó, tó jẹ́ pé òun ló rà á, kò sọ pé kò gbó. Owú ti dí i létí. "Lọ́la la máa mọ̀," ó wí. "Tó bá jẹ́ ọwọ́ rẹ ló ba iṣẹ́ yẹn jẹ́, má padà sílé yìí mọ́. Láti oko ni kó o ti máa lọ sílé bàbá rẹ. Àwọn ọmọ á dúró tì mí."

Obìnrin náà gbé àwo lọ sí ilé ìdáná. 

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ dúró dè wọ́n létí kòtò nínú bàtà òjò, ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Ṣé rọ́bà lẹ tẹ́ fún mi ni, àbí ẹ fún un lóyún?" ló fi kí wọn.

Ìyàwó Ọ̀gá kò bá a jiyàn. Ó kúnlẹ̀, ó fi ìka tọ ojú ìsopọ̀ láti ìgun kan dé èkejì. Kò sí ibi tó là. "Ẹ jẹ́ ká tún fi abẹ́rẹ́ gún un, ká wọn atẹ́gùn ẹ̀," ó bẹ ọkọ rẹ̀.

"Kí lẹ tún fẹ́ wọ̀n? Ṣebí ojú ń rí i," ni Gbajúmọ̀ wí.

Ọ̀gá pàṣẹ. Kí ìyàwó rẹ̀ gun orí ibi tó wú, kó fi ẹnu ẹ̀rọ gbígbóná jó ihò kékeré sí i kí atẹ́gùn jáde, torí ihò tí iná bá jó kì í ya lọ bíi ti ọ̀bẹ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn tó bá jẹ́ atẹ́gùn lásán.

Obìnrin náà gbé ẹ̀rọ, ó dúró, ó wo àbúrò ọkọ rẹ̀. "Gbajúmọ̀, ẹ̀yin lẹ palẹ̀ ibí yìí mọ́. Ṣé kò sí nǹkan kan lábẹ́ ẹ̀?"

"Yanrìn ni. Kí ni ì bá tún wà níbẹ̀?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún yín. Ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ àtijọ́ ni, àti òkú ẹlẹ́dẹ̀ tí àìsàn pa, èyí tí wọ́n ní kí Gbajúmọ̀ fi ọkọ̀ kó dànù. Kò kó o. Ó bu yanrìn bò ó fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì tẹ́ rọ́bà lé e lórí. Ohun tó bá ń jẹrà bẹ́ẹ̀ máa ń yọ gáàsì tí ń gbaná, òun ló gbé rọ́bà náà sókè, Gbajúmọ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ó ti rí ọkùnrin kan tó jóná lórí irú kòtò yìí rí. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì rọra ń fẹ̀yìn rìn, títí ó fi dé òkè lọ́hùn-ún.

Obìnrin náà gun orí rọ́bà. Ó lóṣòó. Ẹ̀rọ ń kùn lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu ẹ̀rọ náà ti pọ́n. Gbajúmọ̀ ń wò ó. Kò wúkọ́ pàápàá. Ẹ̀dá burúkú.

Àmọ́ obìnrin náà ò tètè jó o. Kò wù ú láti lu ihò sí iṣẹ́ tó mọ̀ pé ó dára, ó sì ń fọwọ́ pa rọ́bà náà bóyá òun á rí àléébù kan. Sùúrù Ọ̀gá tán. Ó gùn ún lọ bá a, ó gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Kúrò níbẹ̀. Èmi ni màá jó o." Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ẹnu ẹ̀rọ sí rọ́bà.

"Bọ̀dá, ẹ má fi iná kàn án! Ó máa gbaná! Bọ̀dá mi!"

Gbajúmọ̀ ni. Ó ti ká ọwọ́ lé orí.

Ọ̀gá pa ẹ̀rọ. Ó nàró. "Kí ló máa gbaná? Yanrìn?"

Gbajúmọ̀ tún sún sẹ́yìn.

"Mò ń bi ọ́. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ mú iná yìí dání, níbí, lójú rẹ. O dákẹ́. Ìgbà tó kàn mí lo tó ráhọ́n sọ̀rọ̀?"

"Mo fẹ́ sọ ọ́, Bọ̀dá, ẹnu mi ni..."

"O fẹ́ pa á."

Dẹ́rẹ́bà, tó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́, wá bọ́ síwájú. "Ọ̀gá, ẹ dárí jì mí. Ọkọ̀ tó yẹ ká fi kó ìgbẹ́ àti òkú ẹlẹ́dẹ̀ ibí yìí dànù, ibi tí àbúrò yín ń kọ́lé sí la fi ń ru bíríkì lọ. Ó ní tí n bá yanu sọ ọ́, òun á ní mò ń bá ìyàwó yín ṣe wọléwọ̀de."

Wọ́n fi ọ̀bẹ la ẹ̀gbẹ́ rọ́bà níbi tí iná ò sí. Òórùn tó jáde lé àwọn òṣìṣẹ́ sẹ́yìn. "Ìwọ aláìlójú-àánú yìí," Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ bú u, "òkú ẹran mi lo fẹ́ fi ṣe pósí fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ?" Ó ti ṣọ́bìrì lé e lọ́wọ́, Gbajúmọ̀ sì bọ́ sínú kòtò lọ hú gbogbo ẹ̀, pẹ̀lú omijé. Ọ̀gá lé e kúrò nínú iṣẹ́ àti nínú ilé lójú gbogbo wọn. Ìròyìn rẹ̀ tàn, kò sì sí oníṣẹ́ rọ́bà kankan tó gbà á síṣẹ́ láti ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí wọ́n délé lọ́jọ́ náà, Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyàwó rẹ̀. "Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Ó purọ́ fún mi, mo gbà á gbọ́."

"Ó purọ́ fún èmi náà, mo gbà á gbọ́," obìnrin náà dáhùn. "Ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí. Ẹ ní kí n fi àwọn ọmọ mi sílẹ̀ kí n máa lọ, ẹ ò sì bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo."

 Obìnrin náà fọwọ́ kàn án léjìká.

"Ẹ dìde. Àwọn ọmọ máa tó dé láti ilé ìwé. Èmi ni màá ṣílẹ̀kùn fún wọn."