Ọ̀nà Búlúù Etíkun

Ní àárọ̀ Sátidé kan, tọkọtaya kan ń to àwọn ẹja ńlá tí wọ́n fi ọ̀rá àti ike tí òkun tì síta ṣe síwájú ọ́fíìsì wọn létíkun. Ayàwòrán ni ọkọ, ìyàwó sì kàwé nípa òkun. Àwọn méjèèjì ló dá ẹgbẹ́ aláàánú kékeré kan sílẹ̀, tí wọ́n ń fi àwòrán àti eré kọ́ àwọn ọmọdé bí òkun ṣe ń ṣe. Gbogbo àdúgbò ló fẹ́ràn wọn.

Nítòsí ọ́fíìsì yẹn, ibì kan wà tí omi tó bì wá sétí iyanrìn máa ń gbà padà sínú agbami pẹ̀lú agbára. Ìgbì kì í fọ́ níbẹ̀. Omi á kàn parọ́rọ́ bí ẹni pé kò mọ nǹkan kan, ẹni tó bá sì wọ̀ ọ́, á gbé e lọ. Àsíá pupa wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ọ̀gá tó ń bójú tó etíkun tó ní kí wọ́n fà á tu.

"Ẹ̀ ń lé àwọn àlejò wa sá," ló wí fún tọkọtaya náà. "Ẹ ya nǹkan tó dùn ún wò dípò rẹ̀."

Ìyàwó yarí pé kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé omi yẹn ń pani. Ọkọ ní kó fọkàn balẹ̀, pé àwòrán á sọ ọ́. Ó wá ya pátákó ràgàjì kan: ìgbì funfun lọ́tùn-ún lósì, omi tó ń gbéni lọ wà láàárín wọn bí ọ̀nà búlúù tó ń dán, ẹja ń rẹ́rìn-ín lórí ẹ̀. Ìkìlọ̀ wà nísàlẹ̀, ní lẹ́tà wínníwínní. Ta ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kà á? Fọ́tò làwọn èèyàn ń wá yà níbẹ̀! Nígbà tí ìyìn pọ̀, ìyàwó náà dákẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé yìí, àbúrò ìyàwó, tó jẹ́ wẹ́dà, mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá wo àwọn ẹja. Kò pẹ́ tí wọ́n lọ sẹ́bàá omi ni ariwo ta.

Ìyàwó sáré débẹ̀. Omi ti ń gbé bàbá àtọmọ lọ.

"Ẹ má bẹ́ sí i o!" ló ń pariwo. "Ẹ ju kẹ́ẹ̀gì òfìfo sí wọn! Ẹ pe àwọn ọlọ́kọ̀! Ọmọ mi, fẹ̀yìn lélẹ̀ sójú omi! Má bá a jà! Tó bá rọlẹ̀, wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́!"

Ọmọ náà ti kọ́ ọ ní kíláàsì àǹtí rẹ̀. Ó léfòó, ó di kẹ́ẹ̀gì mú, ìgbì sì tì í bọ̀ sápá kejì, níbi tí wọ́n ti fà á jáde. Bàbá rẹ̀ gbójú lé apá rẹ̀ tó fi ń gbé irin. Ó kọjú sí èbúté tààrà, ó ń bá omi jà, títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

"Ọ́ńkù," ni ọmọ náà wí fún ayàwòrán nílé, "Dádì ní ibi tẹ́ ẹ ya ọ̀nà sí ni ká gbà."

Ayàwòrán bú sẹ́kún.

Ọ̀gá etíkun wá kí wọn. Ó ní àmúwá Ọlọ́run ni.

"Ẹ má purọ́ mọ́ Ọlọ́run!" Ìyàwó dìde fùú. "Ṣé Ọlọ́run ló fa àsíá tu? Ẹ̀yin lẹ fà á tu, ọkọ mi ya ìyàkuyà, èmi tí mo mọ̀ panu mọ́. Àwa mẹ́ta la pa á!"

Ó sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n lé ọ̀gá yẹn níṣẹ́. Àsíá pupa padà síbi tó wà, ṣùgbọ́n wẹ́dà ò padà.

Ìwọ tó ń kà á, tó o bá rí ibi tí omi parọ́rọ́ láàárín ìgbì tó ń fọ́, má wọ̀ ọ́. Tó bá gbé ọ, má bá a jà: léfòó, nawọ́ sókè, wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́. Tó bá jẹ́ pé ìwọ ni wọ́n ní kó o kìlọ̀ fáráyé, sọ ọ́ kó yé ọmọdé, bó tiẹ̀ máa bí ọ̀gá nínú. Bí wọ́n bá sì fa àsíá tu lójú rẹ, pariwo lọ́jọ́ yẹn gan-an. Má dúró dìgbà tí ọkọ̀ bá gbé òkú ẹni rẹ bọ̀.