Ojú Tí Wọ́n Ha Kúrò Lára Ògiri

Ojú ìyá kan ni wọ́n ha kúrò lára ògiri ilé oúnjẹ tó lókìkí jù lọ nílùú náà. Ìtàn ìlú ni wọ́n yà sí ògiri ọ̀hún: ibùdókọ̀ ojú irin òdìkejì títì, ọkọ̀ tó ń rú èéfín, àti àwọn òṣìṣẹ́ tó ń jẹun nídìí tábìlì. Láàárín wọn ni ìyá náà dúró sí, tó gbé ìkòkò lọ́wọ́. Ibi tí ojú rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ ti wá funfun báláú.

Atọpinpin ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe ìnsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá tó wá síbẹ̀, nítorí bí ẹ bá bu omi fún un, yóò bèèrè kànga tó ti wá.

"Ta ló kọ́kọ́ rí i?" ó bi máníjà, tí ìyá rẹ̀ ló ni ilé oúnjẹ náà.

"Èmi ni, sà. Alásè wa ló sì ṣe é. Ọ̀bẹ ẹ̀ rèé, eruku ògiri ṣì wà lára ẹ̀. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ó ń sọ káàkiri pé ìyá àgbà òun tó wà nínú àwòrán yìí ló dá ibí sílẹ̀, pé kì í ṣe bàbá àgbà mi. Ó ha á káyé lè rò pé àwa la ṣe é. Lónìí ni mo máa lé e."

Alásè náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ọ̀gá, kí n fọwọ́ ara mi ha ìyá ìyá mi? Mi ò bá wọn láyé. Ilé wa jó, fọ́tò kankan ò ṣẹ́ kù. Ojú yẹn, bó ti ṣá tó, òun nìkan ni mo fi mọ̀ wọ́n. Mo máa ń kí wọn kí n tó dáná láàárọ̀."

Àánú rẹ̀ ṣe Atọpinpin, ṣùgbọ́n àánú kì í ṣe ẹ̀rí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Eruku funfun wà nílẹ̀, ó wà lórí àga, àmọ́ aṣọ tábìlì tó wà lábẹ́ àwòrán náà mọ́ tónítóní. Ẹnì kan ti pààrọ̀ rẹ̀, ó sì ti tún tábìlì tẹ́. Ife gbogbo tábìlì yòókù kọjú sókè. Ti orí èyí nìkan ló dojú dé.

"Ta ló ń dojú ife dé báyìí?"

"Kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbí," ni máníjà fèsì.

"Gbogbo ife inú àwòrán ló dojú dé."

"Àṣìṣe ayàwòrán nìyẹn, sà."

Alásè náà mi orí. Òun náà kò mọ ìdí rẹ̀.

Ìgbà náà ni ìyá tó ni ilé sọ̀kalẹ̀ láti òkè, tí kọ́kọ́rọ́ ń dún ní ìbàdí rẹ̀. Ìnsípẹ́kítọ̀ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì bi í léèrè ọ̀rọ̀ ife inú àwòrán. Ẹ bi àgbà ní ìtàn, kí ẹ wá wò ó bóyá yóò dákẹ́.

"Èéfín ni, ọmọ mi. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ń jẹ èédú, gbogbo nǹkan ló ń dúdú. Téèyàn ò bá dojú ife dé, oníbàárà á mu èédú mọ́mi. Ìgbà tí wọ́n ti ibùdókọ̀ pa la ṣíwọ́, a ò tíì bí èyí." Ó nawọ́ sí ọmọ rẹ̀.

"Kọ́kọ́rọ́ àpótí aṣọ tábìlì ńkọ́, Mà?"

"Ìbàdí mi ló ń gbé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á jí aṣọ náà tán!"

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó pa ẹnu mọ́.

"Ẹni tó ha ojú yìí mú ọ̀bẹ alásè kí ẹ̀sùn lè já lé e lórí," ni Atọpinpin wí. "Ó gbọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń tún tábìlì tẹ́, ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló ń dá ṣiṣẹ́, ọwọ́ kì í sì í gbàgbé ẹ̀kọ́ èwe. Ẹnì kan ṣoṣo nílé yìí ló bá èéfín yẹn láyé, òun náà ló ni kọ́kọ́rọ́."

"Màámi?" Máníjà yíjú sí ìyá rẹ̀.

Ìyá náà wá àga, ó jókòó.

"Gbogbo ìlú ló ń pe bàbá mi ní olùdásílẹ̀. Agbáwo ni wọ́n lọ́dọ̀ ìyá inú àwòrán yẹn. Èmi náà gbáwo níbí lọ́mọdé. Nígbà tí ìyá yẹn kú, ọmọ wọn kéré, bàbá mi bá gba ilé. Àwọn tó ń kọ ìtàn ìlú ń bọ̀ lọ́la. Mi ò fẹ́ kí wọ́n bèèrè pé ta nìyí."

"Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, Mà, ọjọ́ kan lòótọ́ á bá a. Ẹ jẹ́ ká dé àgọ́."

Wọ́n ń jáde lọ nígbà tí alásè dúró síwájú wọn.

"Mà, ẹ̀yin nìkan lẹ kù tẹ́ ẹ mọ̀ wọ́n lójú. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe rí?"

Ìyá tó ni ilé gbójú sókè, ó wò ó títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Lọ wo dígí," ó ní. "Látọjọ́ tó o ti débí, ìdí tí mi ò fi lè wò ọ́ lójú nìyẹn."