Ìdájọ́ Abẹ́ Gílóòbù

"Yà kúrò lábẹ́ iná yẹn, ọmọ yìí! Ẹnu ọ̀nà ni a ti ń wo àtíkè, kì í ṣe abẹ́ gílóòbù. Iná máa ń purọ́."

Àǹtí ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù ìṣaralóge tó wà ní igun òpópónà, ṣọ́ọ̀bù tóóró kan báyìí tí dígí gba gbogbo ògiri ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀. Ẹni tó ń bá wí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọbìnrin tó wà ní kíláàsì àṣekágbá nílé ẹ̀kọ́ girama, tó máa ń wá ràn án lọ́wọ́ tí ilé ìwé bá ti parí. Adájọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kì í ṣe pé ó mọ òfin o. Àtíkè ìpéǹpéjú ló máa ń dá lẹ́jọ́.

Ẹni tó bá ra pálẹ́ẹ̀tì olówó iyebíye, páálí pẹlẹbẹ tí wọ́n to àtíkè aláwọ̀ oríṣiríṣi sínú rẹ̀, ọ̀dọ̀ Adájọ́ ló ń gbé e wá. Á kọ́kọ́ fi aṣọ nu inú apá rẹ̀ dáadáa, kí òróró tàbí ìpara má ṣẹ́ kù síbẹ̀. Á fi ìka kan ṣoṣo kan àtíkè náà, á rọra fà á sí apá, kò ní tẹ̀ ẹ́. Á gbóòórùn rẹ̀. Á fẹ́ ẹ bóyá yóò gbọ̀n dànù. Lẹ́yìn náà ni yóò na apá sínú oòrùn lẹ́nu ọ̀nà, tí yóò sì ní, "Ojúlówó ni," tàbí kó ní, "Ẹfun lásán ni, ẹ lọ dá a padà." Bó bá ti sọ̀rọ̀ báyẹn, ẹjọ́ parí, kò sí kóòtù mìíràn.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ ń ṣe wọléwọ̀de. Ọmọ náà dúdú, ó sì ń dán, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Adúmáadán. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Àǹtí ni àwọn méjèèjì ti ń kàwé ìdánwò àṣejáde tó ń bọ̀, nítorí Adúmáadán fẹ́ di nọ́ọ̀sì, kò sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré rárá. Ayédèrú àtíkè kì í bá awọ rẹ̀ rẹ́, bí eérú ló máa ń rí lójú rẹ̀. Nítorí náà kì í ra ohunkóhun tí Adájọ́ kò bá fọwọ́ sí.

Lọ́jọ́ kan tí Àǹtí lọ kun ojú ìyàwó níbi tó jìnnà, Bọ̀dá Lọ́fíndà wọlé. Oníṣòwò ni, ó máa ń gbé àpò ńlá kiri, òórùn lọ́fíndà rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó bá ń lọ. Ó tú pálẹ́ẹ̀tì jáde jàn-ánrẹrẹ sórí tábìlì. Orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá wà lára gbogbo wọn. Adájọ́ nu apá, ó fa ọ̀kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì fajú ro.

"Bọ̀dá, ẹ má bínú o. Ọ̀dà ló ń rùn yìí. Nǹkan dídán inú rẹ̀ sì ń họ èèyàn lára."

Bọ̀dá Lọ́fíndà kò bínú. Ẹ̀rín ló rín. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó sì mú pálẹ́ẹ̀tì mìíràn jáde, èyí tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ dígí. Adájọ́ mọ̀ ọ́n. Ó ti pẹ́ tó ti ń wò ó lórí fóònù bí ẹni tí ebi ń pa. Ó fi ìka kàn án, ó rọ̀ múlọ́múlọ́, àwọ̀ rẹ̀ sì jáde kedere. Ojúlówó ni.

"Tìẹ nìyẹn," ni Bọ̀dá Lọ́fíndà wí. "Ọ̀la màá pàtẹ èyí tó kù síwájú ṣọ́ọ̀bù yín. Ṣáà bá mi dán an wò níṣojú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, kí o ní ó dáa."

"Àǹtí ńkọ́?"

"Àǹtí rẹ á ṣì wà lọ́dọ̀ ìyàwó. Àbí ìwọ lo máa lọ sọ fún un?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọmọ náà mọ̀ pé kò dára. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tipẹ́ pé adájọ́ tó ń yẹ ọjà ọlọ́rọ̀ wò, òun fúnra rẹ̀ kò ní ju tìróò lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn ún wọra. Ó gba pálẹ́ẹ̀tì náà.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ ilé ìwé pé jọ. Adájọ́ ti fi ìpara kan sí inú apá, irú èyí tí a fi ń tẹ́ ìpéǹpéjú kí àtíkè lè lẹ̀ mọ́ ọn. Bí o bá fa èédú sórí ìpara yẹn, yóò dán. Kò nu apá. Kò lọ sẹ́nu ọ̀nà. Abẹ́ gílóòbù ló dúró sí, tó fa àtíkè náà síwá sẹ́yìn, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ń tàn yanran.

"Ojúlówó ni," ló wí.

Adúmáadán wà níwájú pátápátá. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Adájọ́ ì bá ṣẹ́jú sí i, ì bá mi orí díẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá ti bùṣe. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá Lọ́fíndà dúró tì í gbágbáágbá. Adájọ́ wolẹ̀. Adúmáadán mú ọ̀kan, ó sanwó, ó gbé e mọ́ àyà.

Adájọ́ sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé tó bá dìrọ̀lẹ́, òun á sọ fún un. Nígbà tí ó dìrọ̀lẹ́, iwájú dígí ló wà tó ń kun ojú ara rẹ̀. Lọ́jọ́ tí kíláàsì wọn ya fọ́tò ìdágbére, Adúmáadán dé pẹ̀lú ìpéǹpéjú tó ń kọ mànà, gbogbo wọn sì ń pariwo pé, "Ọmọ, o pa wá!" Ta ni yóò ba ìdùnnú yẹn jẹ́? Adájọ́ tún dákẹ́. Kí wọ́n tó ya fọ́tò tán, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Ó nu ojú náà títí ó fi wú, tó fi ń ṣomi, tí kò ṣí mọ́. Dókítà sọ pé nǹkan dídán inú àtíkè náà ti họ ẹyinjú, àìsàn sì ti gba ibẹ̀ wọlé. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ títí. Ojú ọ̀tún lọ pátápátá. Ti òsì kò mọ̀ ju ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn lọ. Nọ́ńbà Bọ̀dá Lọ́fíndà kò sì wọlé mọ́.

Adájọ́ lọ sílé wọn. Adúmáadán jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ìwé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ṣí i.

"Mi ò nu apá mi lọ́jọ́ yẹn," ni Adájọ́ wí, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n. "Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Mo mọ̀ pé kò dáa. Jọ̀ọ́, foríjì mí."

"Mo rí i pé o ò nù ún," ni Adúmáadán fèsì. "Mo ní bóyá o ti nù ún kí n tó dé. Ìwọ mà ni. Kí ni mo tún fẹ́ máa bi ọ́ sí?"

Ìyá rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kò pariwo, kò bú u. Ó kàn ní, "Máa lọ sílé, ọmọ mi. Ó ti rẹ̀ ẹ́." Ì bá sàn kó gbá a létí.

Ìdánwò dé, wọ́n ṣe é láìsí Adúmáadán. Àǹtí kò lé Adájọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó fọwọ́ kan àtíkè mọ́, ilẹ̀ ló ń gbá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ń kọjá lọ pẹ̀lú irú pálẹ́ẹ̀tì Bọ̀dá Lọ́fíndà lọ́wọ́. Adájọ́ ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó sáré bá wọn.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lò ó! Ayédèrú ni, ó ń ba ojú jẹ́!"

Ọmọ náà wò ó látòkè délẹ̀. "Màmá, òun náà ló sọ fún àwọn ọmọ ilé ìwé pé tọjọ́sí dáa. Ẹ jẹ́ ká máa lọ." Wọ́n sì lọ. Ó ń pè wọ́n, wọn kò wẹ̀yìn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò fara sin. Ẹni tó bá gbà yín gbọ́ kì í tún yẹ yín wò, ìdí nìyẹn tí irọ́ yín fi lè pa á lára ju ti ọ̀tá lọ. Ẹ má fi ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ tètè sọ òtítọ́ nígbà tí òtítọ́ ṣì lè gba ẹnì kan là. Adúmáadán ti dárí ji Adájọ́, ó sọ ọ́ fún un tọkàntọkàn. Síbẹ̀, kò ríran.