Tírípìsì Aláwọ̀ Ìyeyè

"Terkelin, má mí! Bí o bá mí báyìí, wàá fẹ́ ẹ dànù."

Rehulina tẹjú mọ́ máíkírósíkóòpù ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Kòkòrò tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò gùn tó hóró ìrẹsì kan. Inú òdòdó ata ìyá rẹ̀ ni wọ́n ti gbọ̀n ọ́n sílẹ̀. Tírípìsì ni gbogbo àgbẹ̀ abúlé wọn, ní ìsàlẹ̀ òkè ayọnáyèéfín Sinabung, ń pè é. Èpè ni wọ́n sì ń ṣẹ́ fún un ní gbogbo ìgbà, torí òun ló ń fa omi ara ewé ata mu tí ewé fi ń ká kò bí etí ajá. Àmọ́ kò sí ìkankan nínú wọn tó tíì rí i báyìí rí. Ìyẹ́ rẹ̀ kò fẹ̀ bí ti eṣinṣin. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá, irun gígùn sì tò sí etí rẹ̀ bíi wájawàja etí aṣọ.

"Olúwa mi ò," ni Rehulina sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ta ló jókòó ṣe irú iṣẹ́ yìí?"

Terkelin, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kúrò ńbẹ̀ kí n rí i. Hẹn-ẹn… èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yìí ńkọ́? Ó kéré sí i, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ìyeyè."

Òótọ́ ni. Àwọn tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ dúdú bíi kọfí yíyan, ṣùgbọ́n àwọn kékeré yìí ń dán bí èso ìyeyè tó pọ́n. Wọ́n ṣí ìwé àwòrán tí Bu Tarigan, obìnrin tó jẹ́ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wọn, yá wọn. Wọ́n ka oríkèé ìwo orí kòkòrò náà, wọ́n ka irun tó wà lórí iṣan ìyẹ́ rẹ̀. Èyí tó dúdú bá àwòrán kan mu rẹ́gí. Aláwọ̀ ìyeyè kò sí nínú ìwé.

"Ẹ̀yà tuntun ni!" Terkelin fò sókè. "Orúkọ wa ni wọ́n máa fi pè é!"

Bu Tarigan bojú wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ rọra o. Bí a bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ẹ mú àwọn dúdú nìkan, ẹ fi wọ́n sínú ìgò pẹ̀lú ewé ata tí kòkòrò kankan kò sí lára rẹ̀, kí ẹ wo irú ọmọ tí wọ́n máa bí."

Rehulina lọ tọ́jú ìgò. Terkelin gba ilé ìmu-kọfí lọ láti ròyìn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo abúlé ti gbọ́. Baálẹ̀ ránṣẹ́ sí yunifásítì ní ìlú ńlá Medan pé kí wọ́n rán onímọ̀ kan wá. Bí Rehulina bá ń kọjá, àwọn àgbàlagbà á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tìfẹ́tìfẹ́: "Ọ̀jọ̀gbọ́n kòkòrò, ṣé kí a dọ̀bálẹ̀ ni?" Ìyá rẹ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní Nande Rehulina, ìyẹn Ìyá Rehulina, wá ń nàró gan-an bí ó bá ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Inú ọmọbìnrin náà sì dùn dọ́ba.

Nínú ìgò, ẹyin àwọn kòkòrò náà pa, àwọn ọmọ tó jáde funfun, wọ́n ń rá lórí ewé. Wọ́n dàgbà díẹ̀, wọ́n dákẹ́ láìjẹun, bí ẹni tó sùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Rehulina wò wọ́n, ó rí i pé wọ́n ti hu ìyẹ́. Àwọn kan dúdú bíi kọfí. Àwọn kan dán bí ìyeyè. Orí ewé kan náà ni gbogbo wọn ti jáde. Bí ó ti ń wò wọ́n, ọ̀kan nínú àwọn kékeré gun ẹ̀yìn ńlá dúdú kan, ó so mọ́ ọn.

Ọkọ àti aya ni wọ́n.

Rehulina tún tẹjú mọ́ wọn. Odidi ìdílé kan, bàbá, ìyá àti ọmọ, nínú ohun tí èémí lásán lè gbé lọ! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe ayọ̀, kó tó rántí pé ẹ̀yà tuntun ti parí nìyẹn.

"Da ìgò yẹn nù," ni Terkelin wí nígbà tó gbọ́. "Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi ti mọ̀."

"Ìwọ nìkan ṣáá! Lọ́la ni obìnrin onímọ̀ láti Medan ń bọ̀. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n fi wá ṣe ẹlẹ́yà títí a ó fi darúgbó ni?"

Rehulina kò da ìgò náà nù, ṣùgbọ́n ó gbé e pamọ́ sẹ́yìn àpò ọ̀dùnkún.

Nígbà tó dé oko, ó bá ìyá rẹ̀ tó ń po oògùn kòkòrò méjì pọ̀ nínú garawa, tó sì ń wúkọ́.

"Nande, kí lẹ ń ṣe? Oògùn kan lẹ máa ń lò."

"Ti tẹ́lẹ̀ wà fún àwọn dúdú. Èyí wà fún aláwọ̀ ìyeyè tí o rí. Ẹni tó ń ta oògùn ló ní ọ̀tọ̀ ni tiwọn, gbogbo wa la sì rà á." Ó nu ojú rẹ̀ tó ti pọ́n. "Bí kì í bá ṣe ìwọ ọmọ mi, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé ọ̀tá méjì là ń bá jà?"

Ọ̀rọ̀ náà gún un dé egungun. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa, àwọn oyin tí oògùn ti pa tò sílẹ̀. Rehulina gba igi ìpo-oògùn lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Nande, ẹ má fọ́n ọn. Ẹ dúró di ọ̀la."

Lọ́jọ́ kejì, gbọ̀ngàn abúlé kún fọ́fọ́. Ọ̀mọ̀wé Ginting, obìnrin kúkúrú tó wá láti Medan, ti gbé máíkírósíkóòpù rẹ̀ kalẹ̀. Rehulina dìde pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́. Ó gbé e síwájú onímọ̀ náà.

"Ẹ má bínú. Kì í ṣe ẹ̀yà tuntun. Akọ ni àwọn aláwọ̀ ìyeyè, abo ni àwọn dúdú. Mo ti mọ̀ láti àná, mo sì dákẹ́."

"Akọ kòkòrò ni wọ́n pè wá wá wò!" ni ẹnìkan kígbe, ilé sì rọ́ gììrì fún ẹ̀rín. Terkelin fi ìbínú jáde. Baálẹ̀ fajú ro. Ìyá Rehulina tẹrí ba.

Ọ̀mọ̀wé Ginting wo inú ìgò, ó pẹ́ gan-an kó tó gbójú sókè. "Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀yà yìí ti ní orúkọ kí wọ́n tó bí bàbá mi. Ẹ má sì rẹ́rìn-ín jù. Àwọn àgbà onímọ̀ ti pe akọ àti abo kòkòrò ní ẹ̀yà méjì rí. Oògùn kejì yẹn, ẹ gbé e sílẹ̀. Ọ̀tá kan ṣoṣo lẹ ní."

Ó wá fi tírípìsì kan sábẹ́ awò, ó ní kí Nande Rehulina wá wò ó. "Ìyá, ẹ wo ẹnu rẹ̀. Eyín apá òsì nìkan ló ní. Ti apá ọ̀tún kì í dàgbà. Báyìí ni gbogbo ìdílé wọn rí ní gbogbo ayé."

Nande bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Ẹ̀rín gbọ̀ngàn rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ohun tí mò ń ṣépè fún láti ìgbà yìí nìyí?" ni ó wí. "Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe fara balẹ̀ tó." Ó na ọwọ́ sẹ́yìn láìgbójú kúrò, ó wá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ kàn, ó sì dì í mú ṣinṣin.

Rehulina kò gba ẹ̀bùn kankan. Àwọn ẹlòmíràn ni ilé-ẹ̀kọ́ rán lọ sí ìdíje sáyẹ́ǹsì ní Medan, ó sì pẹ́ kí Terkelin tó tún kí i. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó tún fọ́n oògùn kejì sóko mọ́, ikọ́ ìyá rẹ̀ sì lọ.

Ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, má ṣe kánjú gba oyè lórí ohun tí o kò tíì wò dáadáa. Bí o bá sì ti wò ó tí o rí òtítọ́, sọ ọ́ jáde. Òtítọ́ lè dójú tini láàárín èrò fún ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n irọ́ tí a dákẹ́ lé lórí, àwọn tó fẹ́ràn wa jù ni í kọ́kọ́ mu nínú májèlé rẹ̀.