Stamatis Ọmọ Ta Ni?

Ọjọ́ tí Paskalis kọ́kọ́ wọ ẹ̀wù dókítà ló da kọfí sí i láyà. Rodanthi, dókítà kékeré bíi tirẹ̀, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣé oògùn tuntun nìyẹn, ọ̀gá dókítà?"

Bí ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò pẹ́ tí Paskalis fi di ọmọ ilé wọn. Stamatis Vurlis, bàbá Rodanthi, ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ bu ẹja sí àwo rẹ̀. Wọ́n fi ìgbéyàwó sí ẹ̀yìn Àjíǹde.

Àfi bí àìsàn ṣe gbé bàbá dé ọsibítù. Ìbátan rẹ̀ kan wà ní wọ́ọ̀dù kan náà. Ọmọ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n. Orúkọ bàbá àgbà ni wọ́n sọ àwọn méjèèjì, bí gbogbo ilé ṣe ń ṣe é ní ìlú wọn, nítorí náà Stamatis Vurlis ni òun náà. Orúkọ bàbá wọn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Paskalis kò wò ó. Fáìlì ìbátan ló kà, bàbá Rodanthi ló gún ní penisilíìnì.

"Bàbá, á ta yín díẹ̀ o."

"Gún un jàre. Ṣé ọkọ ọmọ mi ni n ó máa bi ní ìbéèrè ni?"

Ara bàbá kò gba penisilíìnì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kú. Gbogbo ènìyàn sọ pé ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀.

"Gbé e mì," ni ìyá Paskalis wí nígbà tó jẹ́wọ́ fún un. "Ta ló rí ẹ? Ìyàwó ẹ lo fẹ́ pàdánù yẹn!"

Ó fẹ́ẹ̀ gbé e mì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìbátan náà ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, Stamatis Vurlis mìíràn sì tún wà nígboro tí irú àṣìṣe yìí lè pa. Ọ̀gá wọn, Dókítà Polikseni, a máa kó àwọn dókítà kékeré jọ kí ẹni tó bá ṣàṣìṣe lè sọ ọ́, kí àwọn yòókù fi kọ́gbọ́n. Paskalis dìde. Rodanthi wà níwájú nínú aṣọ ọ̀fọ̀. Ẹ̀rù bà á gidi, síbẹ̀ ó sọ gbogbo rẹ̀.



"Kí ló yẹ kí o béèrè?" Rodanthi ló bi í.

"Orúkọ bàbá wọn."

Rodanthi yíjú sí àwọn yòókù. "Ẹ ti gbọ́. Kẹ́nikẹ́ni má tún ṣe é mọ́."

Paskalis sáré bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Rodanthi, olólùfẹ́ mi..."

"Mo ṣì nífẹ̀ẹ́ ẹ. Ìyẹn gan-an ló ń pa mí." Ó bọ́ òrùka àdéhùn wọn, ó sì fi lé e lọ́wọ́. "Màmá mi ń pè ẹ́ lọ́mọ káàkiri àdúgbò. Èmi ni mo máa lọ sọ fún wọn báyìí. Má tẹ̀ lé mi."